Pípè àti Pípa: Àbùùbùtán àti Olùpè Rẹ̀ nínú Ìtàn Àròsọ Zakes Mda

Ìtàn àròsọ The Whale Caller, tí Zakes Mda gbé jáde ní 2005, dá lórí ọkùnrin kan tí kò ní orúkọ mìíràn ju iṣẹ́ tí ó yàn fún ara rẹ̀ lọ. Ìlú Hermanus, ní etíkun Gúúsù Áfíríkà, ni ó ń gbé. Orí àpáta etí òkun ni ibùdúró rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń fun ipè tí wọ́n fi koríko òkun gbígbẹ ṣe, tí ó sì ń retí pé kí àbùùbùtán kan, èyí tí ó sọ ní Sharisha, dá a lóhùn láti inú omi. Kò ní aya, kò ní ọmọ, ilé onípákó kékeré ni ó ń sùn sí. Gbogbo ohun tí ẹlòmíràn ń pín fún ìdílé, fún ìjọ àti fún ọ̀rẹ́, Sharisha nìkan ni ó kó o fún.

Ó rọrùn láti ka ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìfẹ́ láàárín ènìyàn àti ẹranko, kí a sì yin òǹkọ̀wé pé ó gbèjà àwọn ẹ̀dá inú òkun. Irú kíkà bẹ́ẹ̀ kò ṣàìtọ́, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí ìwé náà ń bi òǹkàwé le ju èyí lọ. Bí ènìyàn bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ pe ohun kan, tí ohun náà sì ń jẹ́ ẹ, kí ni olùpè jẹ ẹni tí ó pè ní gbèsè? Ta ni yóò sì dá ẹni tí a pè padà sí ibi tí ó ti wá?

Ìlú Hermanus kì í ṣe ìlú inú àlá. Láàárín oṣù Òkúdù sí oṣù Ọ̀pẹ lọ́dọọdún, àwọn àbùùbùtán máa ń ti inú òkun tútù ìhà gúúsù wá sí Walker Bay láti gùn àti láti bímọ. Wọ́n ń sún mọ́ èbúté tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó sórí àpáta fi lè rí wọn láìwọ ọkọ̀. Láti 1992 ni ìlú náà ti ní akéde tí ń fun ipè koríko òkun láti fi ibi tí wọ́n wà han àwọn arìnrìn-àjò afẹ́. Orí òtítọ́ yìí ni Mda ti bẹ̀rẹ̀, tí ó sì yí i sódì. Akéde ìlú ń pe ènìyàn kí wọ́n wá wo àbùùbùtán, Olùpè inú ìtàn sì ń pe àbùùbùtán fúnra rẹ̀. Owó ni akéde ń gbà. Olùpè kò gba nǹkan kan, ó sì ń bínú bí àjèjì bá fi òun pe akéde. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju ibi tí wọ́n kọ ẹnu ipè sí lọ, ṣùgbọ́n orí ìyàtọ̀ kékeré yìí ni gbogbo ìtàn náà dúró lé.

Ìsìn ni ohun tí Olùpè ń ṣe, Mda kò sì fi èyí pamọ́. Inú ìjọ kan tí ń fi ipè koríko òkun jọ́sìn ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fun ún. Ó ní ibi ìjẹ́wọ́, ihò àpáta kan létí òkun tí ẹni tí ń jẹ́ Mr Yodd ń gbé, ẹni tí kì í fún un ní ìdáríjì bí kò ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà. Ó ní aṣọ ìsìn pẹ̀lú. Bí ó bá fẹ́ bá Sharisha jó, kóòtù dúdú tí àwọn ọlọ́lá ń wọ̀ lọ sí òde alẹ́ ni ó ń gbé wọ̀. Ó mọ Sharisha láàárín gbogbo àbùùbùtán yòókù nípa àwọn kókó líle tí ó wà ní orí rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń gbà dá irú àbùùbùtán yìí mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé bí kókó náà ṣe tò lórí ọ̀kan kò bá ti èkejì mu.

Àwọn ojú ìwé tí Olùpè àti Sharisha ti ń jó yìí ni ó dára jù lọ nínú ìwé náà. Iṣẹ́ eré orí ìtàgé ni Mda fi bẹ̀rẹ̀ kí ó tó di òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, ó sì hàn níbí. Àpáta di ìtàgé, òkun di agbo, ipè àti ìró omi sì ń gba ara wọn lẹ́nu. Asọ̀tàn kò fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín kò jìnnà sí àgbà ọkùnrin tí ó wọ kóòtù òde alẹ́ tí ó ń jó níwájú omi. Ó fi í sílẹ̀ nínú ayọ̀ rẹ̀. Òǹkàwé náà sì gbà, fún ìgbà díẹ̀, pé ẹni méjì ni ó ń jó.

Ohun tí èdè Yorùbá lè fi kún kíkà ìwé yìí kò kéré, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Mda kò ní Yorùbá lọ́kàn nígbà tí ó ń kọ ọ́. Orúkọ ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àbùùbùtán ni ohun tí a ń bù tí kò ṣeé bù tán. Orúkọ yìí kò sọ bí ẹ̀dá náà ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, bí ó ṣe ń mí, tàbí bí ó ṣe ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ẹni tí ó fún un ní orúkọ dúró ti òkú rẹ̀ ní èbúté, ó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ẹnu sì yà á sí bí ẹran ṣe pọ̀ tó. Erinmi tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá láyé àtijọ́ lò nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì kò yàtọ̀ púpọ̀. Erin omi ni, ẹran igbó tí a fi ojú ọdẹ wò tí a sì gbé sọ sínú odò. Láti orí ilẹ̀ ni orúkọ méjèèjì ti wá.

Ẹ̀kọ́ gírámà wá mú ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ sí i. Bí a bá sọ ọ́ ní wàràwàrà pé ọkùnrin kan ń pe àbùùbùtán, fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe náà yóò pa jẹ, ohun tí etí yóò gbọ́ ni pé ó ń pàbùùbùtán. Bí ẹlòmíràn bá sì ń pa àbùùbùtán, ó ń pàbùùbùtán náà ni a ó gbọ́. Ohùn kò lè yà wọ́n, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lórí pè nígbà tí ó bá dá dúró máa ń di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Lẹ́nu Yorùbá, nígbà náà, olùpè àbùùbùtán àti ẹni tí ó pa á ń jẹ́ orúkọ kan náà títí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ yóò fi fẹ̀sọ̀ pe fáwẹ̀lì rẹ̀ jáde. Àkọsẹ̀bá ni, àkọsẹ̀bá kì í sì í ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Sharisha ní òpin ìwé náà gan-an ni èyí: ọwọ́ ẹni tí ó pè é ni ó kú sí, ipè tí ó fi pè é ni ó sì fi pa á.

Ìwé náà kò yára dé ibẹ̀. Obìnrin kan ni ó kọ́kọ́ dé. Saluni, ọ̀mùtí ìlú, fẹ́ràn Olùpè, ó sì jẹ́ kí ó mọ̀ láìfi bò. Lójú rẹ̀, Sharisha kò ju ẹja ńlá kan lọ, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi bá ẹja du ọkọ. Ó kó wọ ilé onípákó náà, ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, ó ń fa Olùpè lọ sí àwọn ilé ìtajà ńlá láti lọ fi ojú lásán jẹ oúnjẹ tí àwọn méjèèjì kò lówó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rín inú ìwé náà wà níbí, ọ̀pọ̀ ìbànújẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá fara balẹ̀ gbọ́ Saluni, ohun tí ó ń sọ kì í ṣe owú nìkan. Òun nìkan ni ó ń bi Olùpè léèrè ohun tí ìfẹ́ rẹ̀ ń ṣe fún ẹni tí ó fẹ́ràn. Olùpè kò ní ìdáhùn. Ó mọ ohun tí Sharisha ń ṣe fún òun. Èrò inú Sharisha fúnra rẹ̀, ohun tí Olùpè gbà gbọ́ nípa rẹ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí òǹkàwé ń rí gbà.

Ó tọ́ kí ìjálá wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ìjálá, ọdẹ a máa ki erin, a máa ki ẹfọ̀n, a máa ki ẹtu àti ìgalà. Ó mọ ìrìn wọn, ó mọ àwọ̀ wọn, ó mọ ohun tí wọ́n ń jẹ àti ibi tí wọ́n ń sùn. Ẹni tí kò fẹ́ràn ẹranko kò lè kì í bẹ́ẹ̀. Ọdẹ kan náà ni yóò sì yìnbọn. Ohun tí ó jẹ́ kí ìfẹ́ àti ìbọn lè gbé inú ẹnu kan náà láìya olóhùn ní wèrè ni pé oríkì ọdẹ kò ṣe bí ẹni pé kò sí ìbọn, àti pé èèwọ̀ yí iṣẹ́ náà ká. Ẹran kan wà tí ìdílé kan kò gbọdọ̀ pa, òmíràn wà tí ẹni tí ó bá pa á gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù. Àwùjọ ni ó ń ṣọ́ ọdẹ, kì í ṣe ọkàn rere rẹ̀.

Olùpè kò gbé ìbọn, nítorí náà ó rò pé òun kò nílò èèwọ̀. Àṣìṣe tí Mda ń tọ́ka sí nìyẹn. Ọkùnrin náà ní ipè, ó ní aṣọ, ó ní ibi ìjẹ́wọ́, gbogbo ohun èlò ìsìn ni ó ní, àyàfi ẹnìkan tí ó lè sọ fún un pé ó tó. Mr Yodd kò lè sọ ọ́, nítorí ẹ̀rín ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ìjọ tí ó ti kọ́ ipè fífun kò sí mọ́ nínú ayé rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá dùn, a pe Sharisha. Bí òun àti Saluni bá jà, a pè é.

Ìtàn àròsọ mìíràn tí ó ṣáájú èyí tan ìmọ́lẹ̀ sí i láti òdì kejì ayé. Ní 1987 ni Witi Ihimaera, òǹkọ̀wé Māori, tẹ The Whale Rider jáde, èyí tí Niki Caro sọ di fíìmù ní 2002. Ìlú Whangara ni ibùdó ìtàn, láàárín àwọn Ngāti Porou, tí wọ́n gbà pé orí àbùùbùtán ni baba ńlá wọn, Paikea, gùn dé ilẹ̀ náà. Koro Apirana, àgbà ìdílé, ń wá ọmọkùnrin tí yóò jẹ́ àrólé. Kahu, ọmọbìnrin tí ó bá a wáyé, ni ó sì ní ẹ̀bùn tí ó ń wá. Nínú ìwé Ihimaera, kò sí ẹni tí ó yan àbùùbùtán. A bí wọn mọ́ ọn ni, bí a ti ń bí ọmọ mọ́ oríkì. Òǹkọ̀wé náà tilẹ̀ fún àwọn àbùùbùtán ní orí ìwé tiwọn, níbi tí a ti ń gbọ́ àárò tí ń sọ àgbà inú wọn nípa ọ̀gá rẹ̀ ayé àtijọ́. Nígbà tí wọ́n sì gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, tí ikú wọn kù sí dẹ̀dẹ̀, Kahu kò dúró ní èbúté láti máa pè wọ́n. Ó gun ẹ̀yìn àgbà wọn, ó sì bá a lọ sínú ibú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i tí ó ń léfòó láàárín òkun lórí ìtẹ́ koríko òkun, tí àwọn dọ́fìn ń ṣọ́ ọ.

Koríko òkun kan náà ni. Níbi tí Ihimaera ti fi ṣe ibùsùn fún ọmọ tí ó fi ara rẹ̀ jìn, Mda fi ṣe ipè fún ọkùnrin tí ó fẹ́ kí a wá bá òun. Ọ̀kan ń lọ sínú omi, èkejì ń fa omi wá sórí ilẹ̀. Bí a bá ní kí a sọ òótọ́, òpin ìwé Ihimaera rọrùn jù. Koro tí ó ti kọ Kahu sílẹ̀ láti ọjọ́ ìbí rẹ̀ rí ìdáríjì gbà ní kíá, bí ẹni pé ìyanu kan ti san gbogbo gbèsè. Mda kò fún ẹnikẹ́ni ní irú ìtura bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ihimaera mọ ohun kan tí Olùpè kò mọ̀, pé ìbátan àárín ènìyàn àti ẹ̀dá inú òkun kì í ṣe ohun ìní ẹnìkan, kódà kì í ṣe ti ẹni tí ó ní ẹ̀bùn jù.

Fún ọmọ Yorùbá tí ń gbé òkè òkun, ìdẹwò kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: kí ó yára so Sharisha mọ́ Yemọja tàbí Olókun, kí ó sì sọ ọ́ di ìránṣẹ́ òrìṣà. Ìtàn Bàhíà kò jẹ́ kí ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Láti 1602 ni wọ́n ti ń pa àbùùbùtán fún òwò ní ibùdókọ̀ òkun náà, àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n sì ń fi ṣiṣẹ́ ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń gé ẹran náà tí wọ́n sì ń yọ́ ọ̀rá rẹ̀. Òróró rẹ̀ ni ó ń tan fìtílà nínú àwọn ilé ìfúnrèké tí kì í sinmi lóru. Ní oṣù Èrèlé 1814, àwọn ẹrú, tí púpọ̀ wọn jẹ́ Haúsá, dìde ogun ní àwọn ibùdó àbùùbùtán tí ó wà ní agbègbè Itapuã, wọ́n sì fi iná sí wọn. Ìlú Salvador kan náà ni àwọn ènìyàn ti ń gbé ẹ̀bùn Yemọja sínú òkun ní Rio Vermelho ní gbogbo ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àbùùbùtán ṣe ìránṣẹ́ ìyá omi ní etíkun yẹn gbọ́dọ̀ ka òróró fìtílà náà mọ́ ọn.

Irú tí Sharisha jẹ́ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ìtàn yìí. Orúkọ tí àwọn apẹja Òyìnbó fún un túmọ̀ sí àbùùbùtán tí ó yẹ ní pípa: kì í yára, ó ń sún mọ́ èbúté, òkú rẹ̀ ń léfòó, ọ̀rá rẹ̀ sì pọ̀. Ní 1935 ni òfin àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ dáàbò bò ó. Yorùbá ní ẹran tí kò ṣeé bù tán, Òyìnbó ní ẹran tí ó yẹ ní pípa, Olùpè sì ní Sharisha. Orúkọ tirẹ̀ dùn létí ju méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹlòmíràn fún un ni síbẹ̀.

Bí òpin ṣe dé kò gba ojú ìwé púpọ̀. Inú ìjà òun àti Saluni ni Olùpè wà nígbà tí ó gbé ipè rẹ̀, tí ó fun ún láìdáwọ́ dúró. Sharisha gbọ́. Ó sún mọ́ ọn ju bí ó ti máa ń ṣe lọ, omi sì fà sẹ́yìn kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dá tí omi ń gbé ró kò lè gbé ara rẹ̀ ró lórí iyanrìn. Ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò máa tẹ̀ ẹ́ pa díẹ̀díẹ̀. Gbogbo akitiyan láti dá a padà já sí asán, èrò pé jọ, àwọn aláṣẹ sì pinnu pé àánú ni kí àwọn fi ohun abúgbàù pa á. Yorùbá ní ọjọ́ ikú erin ni à ń rí onírúurú ọ̀bẹ. Níbí, kì í ṣe ọ̀bẹ ni wọ́n mú wá, dínámáìtì ni, àbùùbùtán tí orúkọ rẹ̀ sọ pé kò ṣeé bù tán sì tán ní ìṣẹ́jú kan lójú àwọn òǹwòran. Mda kọ ìran yìí láìgbé ohùn sókè. Ìdákẹ́jẹ́ asọ̀tàn ni ó jẹ́ kí ó ṣòro láti kà.

Ibi tí ìwé náà ti kù káàtó ni ohun tí ó ṣe sí Saluni lẹ́yìn ìyẹn. Ọwọ́ àwọn ìbejì kan, ọmọbìnrin méjì tí ohùn orin wọn ti fà á mọ́ra láti ìgbà pípẹ́, ni ó kú sí. Òkúta ni wọ́n sọ pa á. Ó ṣeé ṣe láti sọ pé Mda ń fi ikú kan dá ìkejì lóhùn, pé Saluni náà kú sọ́wọ́ ohun ẹlẹ́wà tí ó ń lépa. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání lórí bébà. Nínú ìwé fúnra rẹ̀, ikú náà dà bí gbèsè tí wọ́n gbé lé ẹni tí kò jẹ ẹ́ lọ́rùn. Àbùùbùtán ní ojú ìwé tí a ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Obìnrin tí ó bi ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìtàn náà kò ní tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó fẹ́ràn ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó ń kú.

Olùpè gbé pátákó kọ́ ọrùn, ó kọ ọ́ sí i pé òun ni ẹlẹ́ṣẹ̀ Hermanus tí ó ronú pìwà dà, ó sì ń rìn láti ìlú dé ìlú. Ìrònúpìwàdà yìí pàápàá, ìtàgé ni. Òun ni ó tún wà ní àárín agbo. Kò pe Sharisha mọ́, ṣùgbọ́n ó ń pe ojú ènìyàn sí ara rẹ̀.

Ọmọ kan wà nínú ìwé náà tí àwọn tí ń kọ nípa rẹ̀ lè fò dá. Lunga Tubu ni orúkọ rẹ̀, ọmọdékùnrin láti Zwelihle, àdúgbò tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó máa ń wá kọrin létí òkun fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kí ó lè rí owó ilé ìwé, wọ́n sì máa ń lé e kúrò nítorí pé ó ń ba ọjà àwọn ilé oúnjẹ jẹ́. Orí àpáta kan náà ni òun àti Olùpè ń lò. Òun náà ń pe. Àwọn tí ó rin ọ̀nà jíjìn wá gbọ́ ìmí àbùùbùtán ń gbọ́ orin rẹ̀, wọ́n ń ju ẹyọ owó sí i, wọ́n sì ń yí ojú padà sí omi.